Ajá tí irun ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ re: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an

Kò sí ajá onírun tí irun ẹ̀ kì í re rárá, irọ́ ọlọ́jà ni tí wọ́n bá ní ó wà. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá ni bí irun kọ̀ọ̀kan ṣe ń pẹ́ tó lára kó tó já. Irun ẹ̀yà ajá tó ń jẹ́ Labrador á dàgbà díẹ̀, á dúró, á re, òmíì á hù dípò ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àga àti kápẹ́ẹ̀tì fi máa ń kún. Ti Poodle ńkọ́? Ṣe ló ń gùn lọ bí irun orí èèyàn, èyí tó bá sì já gan-an, àárín irun tó lọ́ yẹn ló máa há sí, kì í sábà délẹ̀. Ẹ tún lè wo irùngbọ̀n, torí àwọn ajá tó ní irùngbọ̀n tí irun sì dà bo ojú wọn, bíi Schnauzer àti Airedale, irun wọn kì í re púpọ̀, jíìnì kan (ohun àjogúnbá inú ara) tó ń jẹ́ RSPO2 ló wà nídìí ẹ̀.

Àmọ́ irun tó há yẹn ṣì wà níbẹ̀ o. Tí wọn ò bá yà á, á lọ́ pọ̀, á di kókó, á máa fa awọ ajá, tó bá wá tutù tí ò gbẹ, egbò dé. Ẹni tó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ti gbé òòyà nìyẹn. Poodle ń fẹ́ yíyà lọ́pọ̀ ìgbà lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa gé irun ẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra, owó ẹni tó ń gé e yìí lèèyàn máa ń gbàgbé kà mọ́ owó ajá.

Ilé tó jẹ́ àgbàlagbà nìkan, tí wọ́n ń sáré láàárọ̀, Standard Poodle ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ìyẹn ńlá inú wọn. Irun tí wọ́n máa ń gé fún un ló jẹ́ káwọn èèyàn rò pé ajá oge ni, bẹ́ẹ̀ ajá ọdẹ ni, òun ló ń wọ omi lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n bá yìnbọn pa. Portuguese Water Dog náà, àwọn apẹja ló ń bá ṣiṣẹ́. Irú ẹ̀ ni Bo tí àwọn Obama gbé wọ White House ní 2009, torí ara Malia ọmọ wọn ò gba ajá. Tírú ajá yìí ò bá rìn dáadáa lójúmọ́, bàtà yín ló máa jẹ.

Ẹni tí ò lè ya irun, kó wo Basenji láti Kóńgò: irun ẹ̀ kúrú, ó ń lá ara ẹ̀ bí ológbò, kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gbó. Ṣùgbọ́n tó bá ti rí ẹran kékeré tó ń sá báyìí, ẹ pè é títí, kò ní dáhùn.

Fún ẹni tí ara ẹ̀ ń kọ ajá, irun gan-an kọ́ ló ń mú un sín, itọ́ ajá àti ìpẹ́ kéékèèké tó ń ṣí lára awọ ẹ̀ ni. Torí náà ajá náà fúnra ẹ̀ ni kó lọ jókòó tì fún wákàtí mélòó kan kó tó sanwó, kó má kàn gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ẹ̀yà. Nígbà tí Wally Conron, tó ń sin ajá tó ń mú afọ́jú rìn, mú Labrador àti Poodle pọ̀ ní Australia ní 1989, obìnrin kan ní Hawaii tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa ló ń wá ajá tó máa mú un rìn, ara ọkọ ẹ̀ ò sì gba ajá. Ọmọ ajá 3 ni wọ́n bí, ẹyọ kan péré ni ara ọkùnrin náà gbà.