Ìdí tí táìlì líle fi ń sán nínú ọkọ̀ ibùgbé, àti irú èyí tó ń pẹ́

Ọkọ̀ ibùgbé ni ọkọ̀ ńlá tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ bá gbó, táìlì amọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, irú èyí tó wà nílẹ̀ ilé ìwẹ̀. Ó le, omi kì í bà á jẹ́, bàtà kì í tètè ha á. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọkọ̀ ń mì, ó sì ń tẹ̀, ohun tí a bá tẹ́ sórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè bá a tẹ̀.

Orí ìpìlẹ̀ ni ilé dúró sí. Orí férémù irin gígùn tí táyà gbé ni ọkọ̀ dúró sí. Bí táyà kan bá bọ́ sínú kòtò tí àwọn yòókù sì wà lórí títẹ́jú, férémù náà á lọ́ díẹ̀, plywood orí rẹ̀ á sì lọ́ tẹ̀ lé e. Ojú lè má rí i, àmọ́ táìlì amọ̀ kò lè lọ́ rárá. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí àlà àárín táìlì méjì ló máa ń kọ́kọ́ sán, tí á máa rún jáde bí eruku. Lẹ́yìn náà ni táìlì fúnra rẹ̀ á wá là, pàápàá níbi tí pátákó méjì ti pàdé lábẹ́ rẹ̀.

Ìwúwo tún ń bẹ níbẹ̀. Táìlì amọ̀ tó nípọn tó mìlímítà 10 máa ń wúwo tó kílò 20 sí 24 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Bí ilẹ̀ bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 10, a ti di ẹrù tó ju kílò 200 lọ lé ọkọ̀ lórí, a ò tíì ka gọ́ọ̀mù. Ìwọ̀n tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ kọjá wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, omi, oúnjẹ, aṣọ àtàwọn èèyàn inú rẹ̀ ló sì jọ ń pín in. Lóòótọ́, àwọn ọkọ̀ ibùgbé olówó ńlá kan wà tí táìlì amọ̀ wà nílẹ̀ wọn láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n férémù wọn nípọn, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ sì ń fà bíi rọ́bà. Ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò rí bẹ́ẹ̀.

Táìlì fáínìlì ló yẹ ibẹ̀. PVC, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe é, ní ìpele-ìpele: ìsàlẹ̀ tó gbé e dúró, àwòrán igi tàbí òkúta lórí rẹ̀, àti awọ kan tó mọ́ gaara lókè pátápátá. Awọ òkè yìí ni bàtà ń tẹ̀, òun ló sì ń pinnu bí táìlì ṣe máa pẹ́ tó. Ẹni tó ń rà á kò gbọ́dọ̀ wo ìnípọn gbogbo táìlì nìkan, kó béèrè ìnípọn awọ náà. Mìlímítà 0.3 lè tó inú yàrá, àmọ́ 0.5 ni mo fara mọ́ fún ọkọ̀, nítorí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí ìta gbangba, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá wọlé ló ń kó iyanrìn wọ̀ ọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà tẹ́ ẹ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí etí táìlì kan ń há mọ́ ti èkejì, tí kò sí gọ́ọ̀mù lábẹ́ wọn. Ó yá ní títẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ náà ti di ẹyọ kan, oòrùn sì ń mú kí PVC gbòòrò ju amọ̀ lọ fíìfíì. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn, ó nílò àyè létí ògiri láti gbòòrò sí. Kọ́bọ́ọ̀dù àti àga inú ọkọ̀ sì rèé, skúrù ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá de táìlì náà mọ́ ọn, ibi tí kò lágbára ló máa wú sókè, bí òtútù bá sì mú, àlà á là sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà kejì ni mo gbà pé ó dára jù: táìlì pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 2, tí gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kálukú dúró sí àyè rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òun nìkan la máa ṣí kúrò. Àwọn ọkọ̀ tí apá yàrá wọn ń yọ síta bí wọ́n bá gúnlẹ̀ tún nílò èyí gan-an, torí ìnípọn díẹ̀ péré lè mú kí yàrá náà máa ha ilẹ̀.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà lábẹ́ táìlì. Ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, kí o fa gbogbo pín-ìn-nì rẹ̀ yọ, kí o wá fi ẹsẹ̀ tẹ plywood náà káàkiri, ní pàtàkì létí ilẹ̀kùn, lábẹ́ síńkì àti nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ibi tó bá rọ̀, omi ti jẹ ẹ́. Wá orísun omi náà kí o tó pààrọ̀ pátákó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tuntun náà á jẹrà. Kí o tó lu skúrù, mọ ibi tí wáyà, páìpù àti táǹkì omi gbà kọjá nísàlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti wà ṣáájú àárín àwọn ọdún 1980, tí táìlì àtijọ́ sì wà nílẹ̀ rẹ̀, má fá a, má sì fi sáńpépà bó o, nítorí asbestos, èròjà òkúta oníkùn tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, lè wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ná. Lẹ́yìn èyí, dí gbogbo orí skúrù àti ìpàdé pátákó, kí o sì bó wọn dán: táìlì tín-ínrín kì í bo àṣìṣe ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Títẹ́ rẹ̀ kò le púpọ̀. Jẹ́ kí táìlì wà nínú ọkọ̀ fún wákàtí 48. Fi páálí gé àwòṣe àwọn igun tó ṣòro. Bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kí ègé tó gbẹ̀yìn má bàa tín-ínrín jù. Fún gọ́ọ̀mù ní àkókò tí a kọ sára agolo rẹ̀ kí o tó tẹ́ ẹ, kí o sì fi róólà wíwúwo tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá padà sójú ọ̀nà, má ṣe tẹ́ ẹní abẹ́-rọ́bà sórí fáínìlì. Èròjà inú rọ́bà ń mú kó pọ́n láti inú, kò sì sí ọṣẹ tó ń ṣí àbàwọ́n yẹn kúrò.