Nọ́ńbà ara kọ́ìlì ni kí ẹ rà, ẹ má ra àwòrán

Bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Volkswagen Golf GTI bá ń gbọ̀n lórí ìdúró, tí agbára rẹ̀ ń já bí ẹ bá fẹ́ gun òkè, tí iná ẹ́ńjìnì sì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kàbà, Mọ̀pà àti Ìsánlú máa ń ṣe ni kí wọ́n gbé fóònù, kí wọ́n wá kọ́ìlì GTI lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì sanwó fún èyí tó kọ́kọ́ jáde. Owó tó ń ṣòfò báyìí ń dùn mí gan-an.

Iná bátìrì kò ju bíi fólítì 12 lọ. Kọ́ìlì ló ń sọ ọ́ di bíi 20,000 sí 40,000 kó tó lè fò lẹ́nu pílọ́ọ̀gì. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ihò tí epo ti ń jó, ló ní kọ́ìlì tirẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnì tó ní tọ́bọ̀ bíi ti GTI, atẹ́gùn tí tọ́bọ̀ kì mọ́ inú sílíńdà kì í jẹ́ kí iná náà fò bọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí kọ́ìlì tó ti ń kú lọ fi máa ń ṣe dáadáa bí ẹ bá rọra ń lọ, tí yóò sì já yín kulẹ̀ bí ẹ bá tẹná.

Kí ẹ tó rà á, ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà fi sìkánà wo bréènì bọ́ọ̀sì. Kóòdù P0302 ń sọ pé sílíńdà kejì kò jó dáadáa. Kò sọ pé kọ́ìlì ló fà á. Ẹ gbé kọ́ìlì kejì sípò ẹ̀kẹta, kí ti ẹ̀kẹta bọ́ sípò kejì. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ náà díẹ̀. Bí P0303, ti sílíńdà kẹta, bá jáde, kọ́ìlì ló bà jẹ́. Bí P0302 bá padà wá, ẹ yẹ pílọ́ọ̀gì àti ínjẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo wò. Ẹ tan iná sínú ihò pílọ́ọ̀gì pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, gáásíkẹ́ẹ̀tì ń jò, ọ́ìlì náà yóò sì ba rọ́bà kọ́ìlì tuntun jẹ́ bó ṣe ba ti àtijọ́ jẹ́.

Ó wá ku ọjà rírà. Ẹ yọ kọ́ìlì àtijọ́, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ ya nọ́ńbà ibẹ̀ ní fọ́tò. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Volkswagen àti Audi, ẹ ó rí 06H905115 pẹ̀lú lẹ́tà kan níparí. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ló ń sọ ẹ̀dà tó jẹ́. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí olùtajà, kí ẹ sì ní kó ya ti ọwọ́ rẹ̀ gan-an fún yín. Bí ó bá jẹ́ àwòrán kan náà tó gbé síta ló ń rán padà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń wá èyí tó ní orí pupa, ti Audi R8, 06E905115E. Ó dára lóòótọ́, ó sì ń wọ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì 2.0 tó ní tọ́bọ̀. Àmọ́ àwọ̀ pupa ni ohun tó rọrùn jù fún oníṣẹ́ ayédèrú láti ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ìlì kankan kò lè fi agbára kún ẹ́ńjìnì tí iná rẹ̀ ti ń fò dáadáa tẹ́lẹ̀, ohun yòówù tí olùtajà ì báà kọ sára páálí.

Bí owó kò bá tó fún ti páálí ilé iṣẹ́ ọkọ̀, ẹ wo orúkọ ẹni tó ṣe kọ́ìlì tó bá ọkọ̀ yín wá. Denso ló ń ṣe ọ̀pọ̀ kọ́ìlì Toyota, fún àpẹẹrẹ, ẹ sì lè rà á nínú páálí Denso ní owó tó kéré sí i.

Ẹ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì pọ̀ mọ́ ọn, torí pílọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ gbòòrò ń fi iṣẹ́ pa kọ́ìlì. Bí wọ́n bá ti tún bréènì bọ́ọ̀sì ṣe kí ọkọ̀ lè sáré sí i, 0.6 sí 0.7 mílímítà ni ẹnu pílọ́ọ̀gì sábà máa ń jẹ́.

Bí wéébìlì bá dé gáréèjì, ẹ fi fóònù ká fídíò bí ẹ ṣe ń tú páálí náà, kí nọ́ńbà hàn kedere. Ohun tí ẹ lè fi gba owó yín padà nìyẹn.

Bí ẹ bá pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má da mẹ́ta tó ṣì dára nù. Ẹ fi ọ̀kan sínú búùtù, torí ẹ ò ní rí kọ́ìlì GTI rà láàárín Kàbà sí Ọbájánà.