Bí a ṣe ń wá olú waxcap nínú igbó, tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀

Tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa ní Abẹ́òkúta, olú ọ̀gán lojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wá, nítorí ọbẹ̀. Àwọn olú wẹ́wẹ́ mìíràn wà tí wọ́n yẹ ní wíwò pẹ̀lú: pupa, aláwọ̀ ọsàn, aláwọ̀ ìyeyè, tí orí wọn ń dán bí ohun tí wọ́n fi ìda pa. Waxcap ni wọ́n ń pè wọ́n. Hygrocybe ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ní Yúróòpù, pápá koríko tí ajílẹ̀ kò kàn ni wọ́n ti ń hù jù. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ olóoru, abẹ́ igi ńláńlá ni. Nítorí náà, nínú igbó tó wà lẹ́bàá odò Ògùn, ilẹ̀ tútù tí ewé ti jẹrà sí ló yẹ ká wò ju ara igi tó wó lọ.

Àwọn awẹ́ abẹ́ orí rẹ̀ la fi ń dá a mọ̀: wọ́n nípọn, wọ́n jìnnà síra, wọ́n sì ń yọ̀ tá a bá fi ìka ra wọ́n. Hygrocybe conica tiẹ̀ máa ń dúdú níbi tọ́wọ́ bá ti kàn án.

Kó tó di pé a fọwọ́ kàn án, ká ti ya fọ́tò rẹ̀ látòkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lábẹ́. Ká kọ ọjọ́, ibi tá a ti rí i, igi tó wà lókè rẹ̀, òórùn rẹ̀, àti bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni kíkọ yìí o, torí tó bá ti gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, oríṣi méjì á wá jọra. Ọ̀bẹ la fi ń wú u tìdítìdí. Bébà la ń fi wé e. Inú ọ̀rá ló ti ń làágùn, tí á sì bàjẹ́.

Nílé, ká gé orí ọ̀kan, ká dà á dé bébà tí apá kan rẹ̀ funfun, tí apá kejì dúdú, ká fi abọ́ bò ó mọ́jú. Láàárọ̀, ìyẹ̀ tó jábọ́ (spore, tí olú fi ń bí sí i) á ti tò ní ìlà ìlà bí awẹ́ náà ṣe tò. Funfun ni ti waxcap, apá dúdú ló ti ń hàn. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, olú mìíràn ni.

Ìdánimọ̀ yìí kò sọ pé ó ṣeé jẹ. Ẹ má fi sọ́bẹ̀.

Ooru pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bíi 40°C, la fi ń gbẹ ìyókù. Nọ́ńbà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ àti lára àkọsílẹ̀. Fọ́tò lè lọ sórí iNaturalist, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń pín ohun abẹ̀mí tí wọ́n rí, tó ti wà láti 2008. Fún maikirosikópù, ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ní FUNAAB, yunifásítì ìmọ̀ ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, lójú ọ̀nà Alábàtà, ló yẹ ká kọ́kọ́ béèrè.