Ohun ìkọ́lé tí kò léwu fún ilé adìyẹ ẹ̀yìnkùlé

Ilé adìyẹ ẹ̀yìnkùlé ni ilé kékeré tí wọ́n ń kọ́ sí àgbàlá kí adìyẹ díẹ̀ lè máa sùn síbẹ̀, kí wọ́n sì máa yé síbẹ̀. Ohun ìkọ́lé rẹ̀ gba ìfarabalẹ̀, torí adìyẹ kò ní ọwọ́: ẹnu ló fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Ohunkóhun tó bá ń dán, tó bó lára ògiri tàbí tó já sílẹ̀, yóò ṣà á jẹ, májèlé inú rẹ̀ sì lè dé inú ẹyin.

Pákó àlòkù ló ń kó ewu wọlé jù. Pákó tí wọ́n fi oògùn tó ní áséníkì (májèlé kan), krómíọ̀mù àti bàbà rẹ kí ikán má baà jẹ ẹ́ máa ń ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nígbà tó bá ṣì tuntun, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò a sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú, débi pé ojú kò ní dá a mọ̀ mọ́. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà títí di òpin ọdún 2003, nígbà tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe é fún ilé gbígbé dúró. Áséníkì rẹ̀ ń jò sínú ilẹ̀, inú ilẹ̀ yìí kan náà sì ni adìyẹ ti ń wá oúnjẹ. Pákó tí èèyàn kò bá mọ ibi tó ti wá, kí ó fi sílẹ̀. Ti pákó tí wọ́n ń to ẹrù lé rọrùn díẹ̀, torí ó máa ń ní òǹtẹ̀: HT túmọ̀ sí pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú rẹ̀, MB sì túmọ̀ sí pé gáàsì olóró ni.

Ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú. Amẹ́ríkà fòfin de irú rẹ̀ fún ilé gbígbé lọ́dún 1978, síbẹ̀ ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ti pẹ́ jùyẹn lọ ṣì wà.

Wáyà adìyẹ tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́fà kò lè ṣe ju pé kó dá adìyẹ dúró sínú. Ajá lè fà á ya, eku àti ejò kékeré sì ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Wáyà líle tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.3 lọ, ló dáa, kí wọ́n sì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 nítorí ẹranko tó ń gbẹ́lẹ̀. Ibi gígé wáyà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe. Èérún rẹ̀ máa ń tàn yanran nínú koríko, adìyẹ a sì gbé e mì. Bí iwe bá ti ń lọ oúnjẹ, ẹnu wáyà náà lè gún un jáde. Síǹkì tí wọ́n fi bo wáyà náà sì lè di májèlé sí i lára. Kí wọ́n fa mágínẹ́ẹ̀tì kọjá lórí gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ kí adìyẹ tó wọlé.

Páànù irin dára fún òrùlé. Ògbólógbòó páànù tó ní asbestos kò dára rárá. Fóòmù funfun ń lé ooru, ṣùgbọ́n adìyẹ fẹ́ràn láti máa ṣà á jẹ bí oúnjẹ, nítorí náà àárín pákó méjì ni kó wà, kí gbogbo etí rẹ̀ sì dí pátápátá. Gílóòbù ooru tí wọ́n fi PTFE (irú ohun tí wọ́n fi ń bo inú ìkòkò kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn) bò ń tú èéfín tí èèyàn lè má gbọ́ òórùn rẹ̀, àmọ́ tó lè pa odindi agbo adìyẹ láàárín wákàtí díẹ̀.