"Ṣebí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ"

Bí wọ́n bá ti rí ọmọbìnrin kan gbà lọ́wọ́ ajínigbé báyìí, ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ ni pé, "Ta ló ní kó lọ? Ṣebí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ." Wọ́n á tún ní wọn ò gbowó, wọn ò pa á, ẹjọ́ wo ló wá kù? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an, torí ó ń mú kí àwọn òbí gbé ẹjọ́ mì.

Ẹ wo òfin tí wọ́n ń lò ní Ìlọrin àti Ọ̀fà, ìyẹn Penal Code tí Kwara jogún lọ́wọ́ ìjọba Àríwá àtijọ́. Abala 272 ní ẹni tó bá fi ipá mú ènìyàn kúrò níbi tó wà, tàbí tó fi ẹ̀tàn mú un kúrò níbẹ̀, ti jí onítọ̀hún gbé. "Tàbí" yẹn làwọn ènìyàn ń fò. Ká ní ọkùnrin kan parọ́ iṣẹ́ fún ọmọ yín, tó ní kó máa bọ̀, tí ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, tó sì fowó ara rẹ̀ sanwó ọkọ̀. Òótọ́ ni pé òun ló fẹsẹ̀ rìn, àmọ́ ibi tí irọ́ ní kó lọ ló lọ. Kò gbà láti lọ síbi tí wọ́n ń mú un lọ gan-an, torí kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Abala 274 wá dá lórí ẹni tó jí ènìyàn gbé kí wọ́n lè pa á. Òfin ò dúró de ikú. Ẹni tí wọ́n mú lọ́nà ibi tó ti fẹ́ fi ènìyàn ṣògùn owó ti rú u ná.

Ní Gúúsù, abala 364 nínú Criminal Code, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn ti ọ̀hún, ò mẹ́nu ba owó ìtúsílẹ̀ rárá. Kéèyàn ti ẹlòmíì mọ́lé débi tí kò fi lè sọ ibi tó wà fẹ́nì kankan ti tó fún ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Òfin Èkó ti 2017 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó jínigbé torí owó, ikú sì ni bí ẹni tí wọ́n jí gbé bá kú síbẹ̀.

Mi ò ní gbogbo irọ́ ni ìjínigbé o. Ohun tó wà lọ́kàn èèyàn ṣòro láti fi hàn nílé ẹjọ́, adájọ́ sì lè ní ẹ̀rí ò tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ajínigbé náà fi pe ọmọ yín rẹ́, ì báà ti yín lójú. Ẹ gbé fóònù náà fún ọlọ́pàá bó ṣe wà.