Oògùn Ṣáínà àti ara tó ń yún: kí gan-an ni wọ́n rí?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri WhatsApp l'Ákúrẹ́ báyìí, pé ìwádìí ti fi hàn pé oògùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ń mú kí ìgbé ayé àwọn tó ní àìsàn awọ tí kì í lọ bọ̀rọ̀ dáa sí i. Kó tó dé ọwọ́ ẹnì kẹta, ó ti di "oògùn Ṣáínà ti wo ẹkisímà pátápátá", ìyẹn àìsàn awọ tó máa ń yún èèyàn gan-an. Ìbéèrè wá pọ̀.

Ṣé ó ń wò ó àbí kò wò ó?

Kò wò ó. Kò tíì sí oògùn tòyìnbó, ti Ṣáínà tàbí tiwa tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹkisímà tàbí psoriasis (àìsàn awọ míì tó máa ń nípọn, tó sì ń ṣí bí ìpẹ́) kò ní padà wá mọ́.

Kí wá ni "ìgbé ayé dáa sí i"? Báwo lèèyàn ṣe ń wọn ìyẹn?

Ìwé ìbéèrè kan wà táwọn dókítà awọ ń lò káàkiri ayé, DLQI lorúkọ ẹ̀, ìlú Cardiff ní Wales ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 1994 ló jáde. Ìbéèrè 10 ni, lórí ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá: ṣé ara ń yún ẹ, ṣé ojú ń tì ẹ́, ṣé àìsàn yìí ló ń yan aṣọ tó ò ń wọ̀ fún ẹ, ṣé ó dí ọjà tàbí iṣẹ́ lọ́wọ́, títí dórí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Àpapọ̀ ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 30, bó bá ṣe ga tó ni ìyà ṣe pọ̀ tó. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé yìí kò wo awọ yẹn rárá o, ẹni tó ni ara ló ń dáhùn.

Ìdí nìyẹn tí nǹkan méjì fi lè jẹ́ òótọ́ papọ̀: kí awọ má yàtọ̀, kí ìgbé ayé sì dáa sí i. Ní Hong Kong, ìwádìí kan jáde ní 2007 lórí ọmọdé 85 tó ní ẹkisímà, wọ́n fún àwọn kan ní kápúsù tó ní egbòogi márùn-ún nínú, àwọn yòókù gba kápúsù lásán, ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n fi lò ó. Nígbà tí wọ́n wo ara wọn, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé. Ṣùgbọ́n ìgbé ayé àwọn tó gba egbòogi dáa ju tàwọn yòókù lọ, ìpara sitẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tó ń mú kí ara yíyún àti wíwú rọlẹ̀) tí wọ́n ń lò náà sì dín kù.

Ṣé ẹ̀tàn wá nìyẹn?

Rárá. Ẹni tó ti họ ara mọ́jú, tó jí bá ẹ̀jẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tó tún wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lọ Ọjà Ọba nínú oòrùn kí wọ́n má bàa wo apá ẹ̀, ó mọ iye tí oorun àsùnwọra jẹ́. Àmọ́ nígbà táwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 28 jọ lórí ewé Ṣáínà fún ẹkisímà ní 2013, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dájú, torí ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹn ni wọn ò ṣe dáadáa.

Ọ̀rẹ́ mi ra ìpara Ṣáínà, ọjọ́ mẹ́ta péré ara ẹ̀ ti jọ̀lọ̀.

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1999, wọ́n gbé ìpara 11 lọ fún àyẹ̀wò, èyí táwọn tó ń tà á pè ní ewé Ṣáínà, 8 nínú wọn ló ní dexamethasone. Sitẹ́rọ́ọ̀dù nìyẹn. Sitẹ́rọ́ọ̀dù kì í ṣe ọ̀tá o, dókítà náà máa ń kọ ọ́ fúnni, ṣùgbọ́n dókítà á sọ bó ṣe le tó, ibi tó yẹ kí ẹ pa á sí àti ìgbà tó yẹ kí ẹ dáwọ́ dúró. Agolo funfun tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì kò ní sọ ọ́, ẹ̀ẹ́ sì máa pa á sójú ọmọ. Tó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ìlà á yọ, tẹ́ ẹ bá sì dá a dúró lójijì, àìsàn yẹn lè padà wá le ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ́ tún sáré lọ ra agolo míì. Òwò ńlá ni.

Èyí tí wọ́n ń mu ńkọ́? Wọ́n ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Òmíràn máa ń bà á jẹ́. Ní Brussels, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣi ewé kan mú fún òmíràn nínú oògùn tí àwọn èèyàn fi ń dín sísanra kù, èyí tó wọ inú ẹ̀ ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid nínú, kíndìnrín obìnrin tó lé ní 100 ló bà jẹ́.

Mo ṣì fẹ́ gbìyànjú ẹ̀.

Ó dáa. Ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára ẹ̀. Tí L bá wà nípàrí nọ́ńbà oògùn ìbílẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ pé wọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò yìí sábà máa ń wà lára páálí fúnra ẹ̀, ní lẹ́tà tín-tìn-tín. Ẹ sọ fún dókítà yín, ẹ má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ tó bá jẹ́ pé mímu ni. Aláboyún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ mú èèyàn mẹ́ta wá kẹ́ ẹ tó rí i rà, àìsàn ara kọ́ ló ń wò.

Àgbo tiwa ńkọ́?

Ìbéèrè kan náà ni: kí ló wà nínú ẹ̀, ta ló sè é, kí ni wọ́n pò mọ́ ọn? Òrí nìkan ni mi ò ní bá yín jà lé lórí, ẹ fi pa ara kó tó gbẹ tán lẹ́yìn ìwẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ó ti san, àmọ́ ojú ibẹ̀ ṣì dúdú, ṣé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ni?

Tí kò bá yún, tí kò sì wú, àpá ni. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó lè gba oṣù mélòó kan kó tó parẹ́. Ẹ má fi ìpara ìbóra lé e.