Bí oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì ṣe di ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Faransé

Láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni ó yẹ kí èèyàn lo levonorgestrel, ìyẹn oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì, bẹ́ẹ̀ bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni iṣẹ́ rẹ̀ ń dín kù. Ọmọbìnrin tó ṣì ń wá owó kiri, àkókò ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò sanwó rẹ̀ ká mi lára nìyẹn.

Òfin ọdún 1967, èyí tí aṣòfin Lucien Neuwirth jà fún, ló kọ́kọ́ fàyè gba ìfètòsọ́mọ́bíbí ní Faransé. Àmọ́ òfin kan náà ní oògùn tó bá ní họ́mọ́ònù nínú kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé dókítà. Nígbà tí NorLevo, oògùn levonorgestrel kan, dé lọ́dún 1999, Ségolène Royal, mínísítà tó ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́, ní kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ máa fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tọ́rọ̀ bá kàn. Àwọn alátakò pe ẹjọ́. Ní June 30, 2000, Conseil d'État, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún ẹjọ́ lórí àṣẹ ìjọba, fagi lé àṣẹ náà, òfin 1967 yẹn gan-an ni wọ́n sì gbé ìdájọ́ lé.

Ìjọba kò káwọ́ gbera. Kí ọdún tó parí, ní December 13, àwọn aṣòfin yọ oògùn pàjáwìrì kúrò lábẹ́ ìwé dókítà, wọ́n dá ẹ̀tọ́ àwọn nọ́ọ̀sì padà, wọ́n sì ní kó di ọ̀fẹ́ fún ọmọdébìnrin tí kò tíì pé ọdún 18. Ní January 2002 ni ìlànà tó gbé e dé ilé apòògùn jáde. Ọmọ náà á wọlé, á fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò tíì pé 18, kò ní mú ìwé kankan wá. Apòògùn á bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, á fún un ní oògùn, á sì lọ gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ètò ìbánigbófò ìlera. Àwọn òbí kò ní gbọ́ sí i. Lójú tèmi, àṣírí yìí ṣe pàtàkì tó owó náà.

Àwọn àgbàlagbà ló wá kù sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá gbàwé lọ́dọ̀ dókítà, àpò ara rẹ̀ ló ń ná, ó sì pẹ́ jù kí wọ́n tó ṣàtúnṣe: January 1, 2023 ni ètò ìbánigbófò bẹ̀rẹ̀ sí í san gbogbo owó náà fún obìnrin gbogbo, láìwo ọjọ́ orí, láìbéèrè ìwé dókítà.